Ojú Irin Ṣáájú Ọkọ̀: Ìtàn Yíyan Irin fún Rélùwéè Kékeré inú Ọgbà

Ìfáàrà

Mo mọ̀ pé orí ọ̀rọ̀ tí mo yàn yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni a fi mọ̀ mí. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni ní ewì àti ìtàn àròsọ, kí ni ó wá dé ìdí rélùwéè kékeré tí àwọn kan ń tò sínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa ni ó gbé mi débẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni a ń pe ọkọ̀ yìí. A kò fi èéfín rẹ̀ pè é, a kò sì fi ariwo rẹ̀ pè é. Ohun tí ó ń rìn lé lórí ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ará Jámánì náà ń pè é ní Eisenbahn, àwọn ará Faransé sì ń pè é ní chemin de fer. Ọ̀nà irin ni ìtumọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀. Ọlọ́run ni ó dá omi àti òfuurufú. Ènìyàn ni ó tẹ́ irin. Ẹni tí ó tẹ́ irin ti yan ibi tí ọkọ̀ yóò gbà, ó ti yan bí ọkọ̀ náà yóò ti tóbi tó, kí ọkọ̀ kankan tó dé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tí ó ń yan ojú irin ń yàn fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ju bí ó ti ń yàn fún ara rẹ̀ lọ. Mo sì gbà pé kò sí ibi tí a ti lè rí òtítọ́ yìí kedere tó inú ọgbà, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti kéré tó ohun tí ojú lè ká.

Ìdí kejì jẹ mọ́ ilé mi. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń pè ní gáńgì, àwọn tí ń tọ́jú ojú irin láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba ní ọdún 1998, mo gba yàrá lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí ó ní rélùwéè kékeré láàárín àwọn òdòdó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mo bi í léèrè bí ó ti ṣe yan ọkọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irin ni òun kọ́kọ́ yàn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òun tó ra ọkọ̀. Èsì náà dà bí ohùn bàbá mi létí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ní ọjọ́ kan n óò tẹ́ irú ojú irin bẹ́ẹ̀ sí ilé mi ní Ìbàdàn, kí àwọn ọmọ mi lè fojú rí iṣẹ́ tí bàbá bàbá wọn ṣe.

Bí Rélùwéè Kékeré Ṣe Dé inú Ọgbà

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni rélùwéè kékeré. Olúkúlùkù oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Jámánì ń ṣe tirẹ̀ bí ó ti wù ú, ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣe kò sì lè rìn lórí irin ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ Märklin ti ìlú Göppingen ni ó mú ìlànà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1891, wọ́n gbé ọkọ̀ tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí bí aago lọ sí ọjà ìpàtẹ ìlú Leipzig, pẹ̀lú irin tí a lè so pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èrò wọn ni pé kí òbí ra díẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó sì tún wá ra díẹ̀ sí i lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé ṣe àyàfi bí irin tọdún yìí àti tọdún tí ń bọ̀ bá bára mu. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi òǹkà sọ ìbú ojú irin lórúkọ: ìbú 1, ìbú 2, ìbú 3. Ohun tí mo ń pè ní ìbú ojú irin ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì. Ti ìbú 1 jẹ́ 45 mìlímítà láti etí inú irin kan dé etí inú èkejì. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi èyí tí ó kéré sí i kún un, wọ́n pè é ní ìbú 0; 32 mìlímítà ni tirẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, W. J. Bassett-Lowke ti ìlú Northampton ni ó sọ ìṣeré yìí di ohun tí àgbàlagbà lè fi yangàn. Ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ Jámánì, ó ń jẹ́ kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí ó jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àwọn ọlọ́rọ̀ tí ọgbà wọn tẹ́jú sì ń rà á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ilé àwọn ènìyàn ń kéré sí i, owó náà kò sì tó bí ó ti ń tó tẹ́lẹ̀. Ìbú 1 bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, àwọn ìbú kéékèèké tí ó gba orí tábìlì sì gbilẹ̀.

Ọdún 1968 ni nǹkan yí padà. Àwọn arákùnrin méjì, Wolfgang àti Eberhard Richter, ti ilé iṣẹ́ Ernst Paul Lehmann ní ìlú Nuremberg, gbé rélùwéè kan jáde tí wọ́n pè ní LGB, tí ó dúró fún Lehmann-Groß-Bahn. Wọ́n fi idẹ ṣe irin rẹ̀, wọ́n fi ike ṣe àwọn ìdábùú tí irin jókòó lé, wọ́n sì ṣe é kí ó lè gba òjò àti yìnyín. Ohun tí ó gba àfiyèsí jù ni pé wọn kò dá ìbú tuntun sílẹ̀. 45 mìlímítà tí Märklin ti fi lélẹ̀ ní ọdún 77 ṣáájú ni wọ́n mú. Ojú irin tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé tún di ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà.

Ojú Irin Kan, Ilẹ̀ Púpọ̀

Ibí yìí ni ẹni tí ó bá fẹ́ yan irin gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó sì ṣírò. Ìbú nìkan kò sọ irú ọkọ̀ tí yóò rìn. A tún gbọ́dọ̀ mọ ìdá mélòó nínú ohun gidi ni a fẹ́ ṣe. Ojú irin tí ó pọ̀ jù ní ayé, tí í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ 1,435 mìlímítà. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 32, ìdá kan yóò jẹ́ 44.8. Àwọn arákùnrin Richter ń wo àwọn rélùwéè orí òkè tí ìbú wọn jẹ́ mítà kan. Wọ́n pín in sí ọ̀nà 22.5, ó di 44.4. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ inú òkè tiwọn, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, pín in sí ọ̀nà 20.3, ó di 45. Orí irin kan náà ni gbogbo wọn ń rìn.

Mo wá béèrè lọ́wọ́ ara mi pé: tiwa ńkọ́? Ojú irin tí bàbá mi tọ́jú jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí ni 1,067 mìlímítà. Mo pín in sí ọ̀nà 24, mo rí 44.5. Mo tún rántí pé ọkọ̀ kékeré kan wà tí ó ń rìn nínú Èkó láti ọdún 1902 títí di 1933, tí ó gba orí afárá Carter láti Ìdó wọ inú erékùṣù. Ìbú ojú irin tirẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀, èyí ni 762 mìlímítà. Mo pín òun náà sí ọ̀nà 24, ó sì di 31.75. Ẹ wò ó bí ó ti rí: 45 àti 32, ìbú méjì tí àwọn ará Jámánì fi lélẹ̀ fún ohun ìṣeré ọmọ wọn, ni ó bá ojú irin méjèèjì tí Èkó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún mu, kò sì sí ẹni tí ó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí, n kò lè sùn.

Nígbà tí Ìbú Méjì Bá Pàdé

Kí a má rò pé ọ̀rọ̀ ìṣeré nìkan ni èyí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ jìyà rẹ̀. Isambard Kingdom Brunel tẹ́ ojú irin tí ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ láti London lọ sí ìwọ̀ oòrùn, nígbà tí àwọn tí ó kù ń lo 1,435 mìlímítà. Ọkọ̀ tirẹ̀ ń sáré, ó sì dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ìlú Gloucester, níbi tí ìbú méjèèjì ti pàdé, ńṣe ni wọ́n ń sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan, tí wọ́n sì tún ń dì í sínú òmíràn. Ilé Aṣòfin ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1846, síbẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1892 ni wọ́n tó yí èyí tí ó kẹ́yìn padà. Ẹ ò rí i pé ojú irin tí ó dára jù lè pàdánù, bí kò bá sí ẹni tí ó bá a rìn.

Ní ilẹ̀ tiwa, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní ọdún 1896, a sì ṣí ojú irin náà dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Àwọn òyìnbó amúnisìn ni ó yan 1,067 mìlímítà, nítorí pé ojú irin tóóró kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ó rọrùn láti yí po lẹ́bàá òkè, owó rẹ̀ sì dín. Kò sí ará Ẹ̀gbá tàbí ará Ìbàdàn kan tí a bi léèrè pé báwo ni kí ó ti fẹ̀ tó. Ní òkè ọya, wọ́n tún tẹ́ èyí tí ó jẹ́ 762 mìlímítà láti Zaria lọ sí ilẹ̀ tí a ti ń wa tánganran ní agbègbè Jos, ọ̀rọ̀ Gloucester sì tún padà wáyé níbẹ̀: kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ kan kò lè kọjá sórí irin èkejì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn ní gbangba, 1,435 mìlímítà ni tirẹ̀. Ọgọ́fà ọdún ni ó wà láàárín yíyàn àkọ́kọ́ àti yíyàn kejì. Láàárín ọgọ́fà ọdún náà, gbogbo kẹ̀kẹ́, gbogbo afárá, gbogbo ibùdókọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà náà ni ó ń sin ìpinnu tí àwọn díẹ̀ ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Irú Irin Wo?

Lẹ́yìn ìbú ni ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ṣe irin. Ìbéèrè kan ni ó máa ń ya ọ̀nà níbí: níbo ni ọkọ̀ yóò ti rí agbára? Bí iná mànàmáná bá ń gba inú irin lọ bá ọkọ̀, irin gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iná ń gbà kọjá dáadáa. Idẹ, tí í ṣe àdàlù bàbà àti síǹkì, dára fún èyí. Kì í dógùn-ún bí irin lásán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa ṣú níta gbangba, ẹni tí ó ni ín sì gbọ́dọ̀ máa nù ún. Idẹ funfun kan wà tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì sí. Ojú tirẹ̀ kì í tètè dọ̀tí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí a fi ń ṣe ṣíbí, kò fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀, àmọ́ ó le láti tẹ̀, ó sì le láti gé. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó rọrùn láti tẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n èérí tí ń bo ojú rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ru agbára tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe bátìrì tàbí ooru omi, ni alumíníọ̀mù yẹ.

Ní Ìbàdàn, níbi tí a kò lè fọkàn tán iná, bátìrì ni mo yàn. A jẹ́ pé alumíníọ̀mù ni ó yẹ kí n rà. Mo gbé e lọ́wọ́, mo sì ronú nípa àwọn ọmọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo rí i pé yóò wọ́. Idẹ ni mo padà sí. Síbẹ̀ ìṣòro mìíràn tún wà. Irin idẹ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ọgbà ga tó 8.4 mìlímítà. Bí a bá fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò ju 200 mìlímítà lọ; bẹ́ẹ̀ ni irin gidi tí ó wúwo tó 60 kìló ní mítà kan kò ga ju 172 lọ. Bàbá mi ìbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ìbá sì béèrè pé irin wo nìyí. Mo yan èyí tí ó ga tó 6.35, tí ó bá ojú mu, mo sì kọ́ àwọn ọmọ láti máa wo ẹsẹ̀ wọn.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọrọ. Ẹ̀kọrọ tí ó ká jù nínú ti LGB jẹ́ 600 mìlímítà láti àárín gbùngbùn, irin 12 ni yóò sì so ó di òbìrí. Bí a bá fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, mítà 14 àti díẹ̀ ni. Ọkọ̀ ojú irin ńlá bí èyí tí bàbá mi mọ̀ kò lè yí níbẹ̀. Kí ẹni tí àyè bá gbà jẹ́ kí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Irin A Máa Mí

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi fún yín. Mo tẹ́ irin àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, 20 mítà gbáko, mo sì kì í mọ́ra wọn, orí kan ń kan èkejì, nítorí pé mo fẹ́ kí ó dán, kí ó má ní àlàfo. Ojú mi ríran, inú mi dùn. Nígbà tí oòrùn kàn án lójú ní ọ̀sán, ojú irin mi ti wọ́ bí ejò, ọkọ̀ sì ṣubú sínú ewéko. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí.

Mo jókòó síbẹ̀, mo sì rántí bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ó mú mi lọ sí ojú irin, ó fi àlàfo kékeré tí ó wà láàárín orí irin méjì hàn mí. Mo rò pé wọ́n ṣe é tì ni. Ó ní, “Irin a máa mí. Bí o kò bá fún un láyè, yóò gba àyè fúnra rẹ̀.” Mo ti kàwé títí, mo ti gboyè, mo sì ti gbàgbé ohun tí ọkùnrin tí kò ka ìwé mẹ́fà fi ìka tọ́ sí.

Ìṣirò ti bàbá mi lẹ́yìn. Idẹ a máa gùn sí i ní ìdá 19 nínú mílíọ̀nù kan fún dígíríì kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi gòkè. Bí irin bá kúrò ní 20 dígíríì ní òwúrọ̀ tí ó sì dé 55 lábẹ́ oòrùn, 20 mítà mi yóò gùn sí i ní mìlímítà 13. Ti alumíníọ̀mù ìbá tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdá 23 ni tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a fi àlàfo díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí orí irin ti pàdé, kí a má sì fi ìṣó kàn án mọ́ kọnkéré. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ó jókòó lé, kí omi òjò lè ṣàn kọjá, kí irin sì lè rìn díẹ̀. Bí a bá fi igi ṣe ìdábùú rẹ̀, ikán yóò jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ike, kí ó jẹ́ èyí tí oòrùn kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ìgúnlẹ̀

Mo ti tún ojú irin náà tẹ́, ó sì ti la ọyẹ́ kọjá, ó la òjò kọjá. Ọkọ̀ tí ń rìn lórí rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 24, àwòrán èyí tí bàbá mi ń dúró fún lẹ́bàá ọ̀nà kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi, tí ó wọ ọkọ̀ tuntun lọ sí Èkó, sọ fún mi pé òun kò mọ ọkọ̀ àtijọ́ yìí. Tuntun ni òun fẹ́. Mo ṣírò, mo sì fi hàn án pé bí a bá ṣe ọkọ̀ tuntun ní 1 nínú 32, orí irin 45 mìlímítà yìí kan náà ni yóò gbà. Àwọn méjèèjì yóò máa rìn lórí idẹ kan, tuntun ni yóò sì kéré. Inú bàbá mi ìbá dùn sí i!

A mọ̀ pé ilẹ̀ gidi kò rí bẹ́ẹ̀. 1,067 kò lè di 1,435 nítorí pé ó wù wá. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yíyàn wúwo. Àwa oníṣẹ́ èdè mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, nítorí pé àkọtọ́ ni ojú irin èdè. Ìpàdé àwọn ìjọ CMS ní Èkó ní ọdún 1875 tẹ́ ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ ọdún 1966 tún un wò, a sì fọwọ́ sí àtúnṣe ní ọdún 1974. Ẹni tí ó bá mọ tuntun kàà ṣì lè ka ìwé tí a fi ti àtijọ́ tẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ṣe àtúnṣe rántí pé àwọn kan ti rìn lójú ọ̀nà náà rí, àwọn kan sì ń bọ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tẹ́ irin, ìbáà ṣe nínú ọgbà tàbí ní ìlú. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó fẹ́ kí ó máa rìn níbẹ̀. Kí ó yan ìbú tí ẹlòmíràn lè bá a lò. Kí ó sì fi àlàfo sílẹ̀, nítorí ooru ọ̀sán kò ní ṣàì dé.

Nísinsìnyí, ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan kí n tó wá sí ibi iṣẹ́, mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi èékánná wo àlàfo àárín irin, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ bàbá mi ni. Èmi náà ti di ọmọ gáńgì.